Bí Bàbá Gíráàmù Ṣe Wọn Ìlú Méjì

Lọ́jọ́ tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ará ọjà jó. N kò bù mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ń yẹ òṣùwọ̀n wò fún ìjọba, kò sì sí alápatà, kò sí oníṣúgà, kò sí ẹni tó ń ta ìṣó tí ojú rẹ̀ kò rí màbo lọ́wọ́ wọn. Bàbá Gíráàmù ni ọjà sọ wọ́n. Bí òṣùwọ̀n rẹ bá fi gíráàmù méjì péré ṣìnà, wọn a lẹ òǹtẹ̀ pupa mọ́ ọn lórí, o di ẹni tó ń fọwọ́ lẹ́rán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní àpótí irin ìwọ̀n kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn, nítorí pé òógùn àtẹ́lẹwọ́ máa ń dá kún ìwọ̀n rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ funfun ni wọ́n fi ń gbé irin náà, bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ tuntun.

Nílé ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Wọ́n máa ń wọn búrẹ́dì kí a tó gé e, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ bá ilé búrẹ́dì méjì jà. Wọ́n wọn èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo Sátidé títí a fi jáde ilé ìwé. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tó nípọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, wọn a buwọ́ lù ú, wọn a kọ déètì, wọn a kọ aago. Bí wọ́n bá ṣì nǹkan kọ, wọn kì í pa á rẹ́. Ìlà kan wà lápá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní "Àtúnṣe", ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́wọ́ sí.

Ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà fún wọn ni ìrìnàjò sókè òkun fún ọjọ́ mẹ́wàá, fún èèyàn méjì. Alága ẹgbẹ́ náà, alápatà kan tí bàbá mi ti lẹ òǹtẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló gbé àpò ìwé náà wá pẹ̀lú ẹ̀rín tó kún ẹnu. Mo mọ ìtumọ̀ ẹ̀rín yẹn. Ó fẹ́ kí wọ́n lọ jìnnà, bó bá sì wù wọ́n, kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Bàbá mi kò fọwọ́ kan àpò ìwé náà títí di ọjọ́ kejì, nígbà tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní rìbá. Gbogbo ọ̀sán ló fi wà lórí àga ní pálọ̀, tí a ń yà fún un bí àlejò pàtàkì.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìlú méjì ló wà nínú rẹ̀: Róòmù àti Ìsítáńbù. Kí wọ́n mú ọ̀kan láàárín oṣù kan, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìnàjò yóò ṣe ìyókù.

"Róòmù," ni màmá mi wí. Bàbá mi kò tíì ka ìwé náà tán.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló wà ní Róòmù, Màmá Róòmù là ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ màmá mi dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn. Ìgbà tí màmá mi lọ́kọ tán, tí Màmá Róòmù rí i pé ẹrù ti kúrò lórí àwọn, ni wọ́n lọ sókè òkun, wọ́n sì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn lọ aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọmọ ìyá méjì kò tíì fojú kan ara wọn. Láti bí ọdún méjì sì ni iyè ti ń ra Màmá Róòmù. Wọn a sọ ìtàn kan tán, wọn a tún gbé e níbẹ̀rẹ̀. Dókítà ti sọ fún ọmọ wọn pé ṣe ni yóò máa burú sí i. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màmá mi ń pè wọ́n lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni màmá mi ń wá: kí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn fojú rinjú kí ẹ̀gbọ́n náà tó gbàgbé ẹni tí àwọn jẹ́.

Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀," ni bàbá mi wí, wọ́n sì nàgà mú rúlà. "Ìlú ńlá méjì, ìlú àtayébáyé méjì. Èmi kì í fojú lásán wọn nǹkan, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá wọn."

Bí ìyà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fa ìlà sínú ìwé ńlá, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá: ilé àtijọ́, omi, oúnjẹ, ọjà, ìrìn ẹsẹ̀, ojú ọjọ́, ibùsùn, ààbò, èdè, àti nǹkan kan tí wọ́n pè ní "ìyanu lápapọ̀". Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. Àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá mi kò kà á sí èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" ni màmá mi bèèrè. "Abẹ́ èwo ni wọ́n wà níbẹ̀?"

Bàbá mi wo ìlà tí wọ́n fà, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá a lóòótọ́. "Kò sí àyè fún un. Èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀n."

Ẹni tó wọn èmi ní gbogbo Sátidé fún ọdún mẹ́tàdínlógún ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o. Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń ṣeré ni. Wọn kò ṣeré.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nìwọ̀nyí: bàbá, màmá, èmi tí mò ń rán kọ́tìnì nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù. Ọdún kan àti oṣù méjì ló fi jù mí lọ, nítorí náà n kò ní pè é ní "wọ́n" níbí, kó máa bínú lọ. Kóòtù ti ba ọmọ yẹn jẹ́. Bí o bá ní kó yàn láàárín tíì àti kọfí, á ní òun kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, a jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìròyìn ìlú méjèèjì látinú fóònù rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe ẹjọ́.

"Ilé ìjà àtijọ́ kan wà ní Róòmù, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Apá kan rẹ̀ ti wó."

"Ó ti wó láti ìgbà wo?" ni bàbá mi bèèrè.

"Ó ti pẹ́ gan-an, sà. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan."

"Kò sì sẹ́ni tó tún un kọ́? Máàkì mẹ́ta."

Ẹ̀gbọ́n mi kà á pé ní Róòmù, omi tó ṣe é mu ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú pópó, tọ̀sán-tòru, kẹ́nikẹ́ni máa bù ú mu. Bàbá mi bèèrè bóyá mítà wà lára rẹ̀. A ní bóyá ni. Wọ́n mi orí wọn, wọ́n ní ìlú tí kò mọ iye omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Máàkì méjì.

Ó wá kan Ìsítáńbù. Òkun gba àárín rẹ̀ kọjá, apá kan rẹ̀ wà ní ilẹ̀ kan, apá kejì wà ní ilẹ̀ mìíràn. "Ìlú méjì nínú ọ̀kan," ni bàbá mi wí, "máàkì mẹ́wàá." Ilé ìsìn ńlá kan wà níbẹ̀ tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí, tó di mọ́ṣáláṣí, tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tó tún padà di mọ́ṣáláṣí. "Wọ́n ń lò ó dáadáa," ni bàbá mi wí, "wọn kò fi ṣòfò. Mẹ́sàn-án." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi dé ibi ọjà alórùlé: bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìsọ̀, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ òrùlé kan.

Bàbá mi gbé bírò sílẹ̀. Ojú wọn rọ̀. N kò rí i kí wọ́n fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo màmá mi rí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ta ló ń bá wọn yẹ òṣùwọ̀n wọn wò?"

Ohun tó wá dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni màmá mi. Ìsítáńbù, lábẹ́ omi, màmá mi fún un ní mẹ́sàn-án. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ tábìlì.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó dára nínú àwòrán ni, ọmọ mi. N kò lè purọ́ mọ́ òkun."

Inú bí mi gidigidi. Obìnrin tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú méjèèjì, ó ń ṣòótọ́ fún òkun tí kò mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń fún odindi ìlú ní máàkì méjì nítorí mítà. Èmi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Mo fún Róòmù ní mẹ́wàá lábẹ́ ohun gbogbo, mo fún Ìsítáńbù ní òdo, mo sì na ìwé mi sí bàbá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fagi lé e láti igun dé igun.

"Òṣùwọ̀n tó bá ń fi nọ́ńbà kan náà hàn fún gbogbo ẹrù, ó ti gan. A kò lè lò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi fún ìlú méjèèjì ní márùn-ún márùn-ún láti òkè délẹ̀. Èyí kò gan lójú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti gbọ́n. Mo fún Róòmù ní mẹ́sàn-án níbí, mẹ́jọ lọ́hùn-ún, mo tilẹ̀ jù ú sí méje lábẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ nítorí pé òkè pọ̀ níbẹ̀. Mo fún Ìsítáńbù ní mẹ́rin mẹ́ta, bí aláàánú. Bàbá mi gbà á wọlé. Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo wa ti di ọ̀mọ̀ràn lórí ìlú tí a kò dé rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọba Róòmù bí ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà. Bàbá mi ti mọ iye ológbò tó ń rìn kiri nígboro Ìsítáńbù, wọ́n sì bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn fún odindi ọ̀sán kan lórí bóyá afárá jẹ́ ilé àtijọ́ tàbí omi. Mo rán kọ́tìnì yàrá mẹ́ta kí wọ́n tó parí rẹ̀, abẹ́ omi ló padà bọ́ sí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, màmá mi pe Màmá Róòmù bí ìṣe wọn. Mo wà nítòsí, mò ń ká aṣọ.

"À ń bọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ ni."

N kò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn sọ. Mo kàn gbọ́ tí màmá mi fèsì pẹ̀lú ohùn ọmọdé: "Rárá, wọn kò tíì dé. Bóyá ó di ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mo bèèrè ẹni tí kò tíì dé. Màmá mi ní ẹ̀gbọ́n àwọn ń bèèrè bóyá ìyá àwọn ti tọjà dé. Ìyá wọn tó ti kú láti bí ogójì ọdún. Mo fẹ́ gbé ìwé ńlá bàbá mi jù síta lọ́jọ́ yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó wúwo.

Ọ̀sẹ̀ kẹta pé. Bàbá mi ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú yàrá wọn, wọ́n jáde wá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n dúró láti kéde rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ wọ súùtù.

"Ìsítáńbù ló fi máàkì mẹ́ta borí."

"Ó dáa," ni màmá mi wí. Wọ́n dìde, wọ́n kó ife ilẹ̀, wọ́n wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́, mi ò sì gbọ́ ìró ife kankan. Mo jókòó, mo ń wo bàbá mi, wọ́n ń wo ìwé ìpolówó Ìsítáńbù, wọ́n ń fi ìka tọ ojú ọ̀nà ọjà náà.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ yàrá wọn láti lọ pààrọ̀ kọ́tìnì. Bàbá mi ti lọ bá ilé iṣẹ́ ìrìnàjò sọ ìlú tí wọ́n mú, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ìwé ńlá sórí tábìlì. Mo ṣí i. N kò ní purọ́ pé ó ṣèèṣì ṣí fúnra rẹ̀.

Mo ro àwọn máàkì náà lẹ́ẹ̀mejì. Róòmù ló borí. Máàkì mẹ́sàn-án ni Róòmù fi lé iwájú, pẹ̀lú gbogbo ìkanra bàbá mi, pẹ̀lú márùn-ún márùn-ún ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá wo ìlà Àtúnṣe lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ yànjẹ, tó sì ní làákàyè, á fi rọ́bà pa á rẹ́, tàbí kó ya ojú ìwé náà dànù. Bàbá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti bà wọ́n jẹ́ kọjá olè jíjà. Wọ́n fi ọwọ́ dáradára kọ ọ́ síbẹ̀: "Róòmù, yọ méjìlá. Ìdí: ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń gbé níbẹ̀." Ìbuwọ́lùwé wọn wà lábẹ́ rẹ̀, déètì, àti aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Mo gbé ìwé náà mọ́ra, mo gbé e lọ sí pálọ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti wá jẹun ọ̀sán, mo sì gbé e síwájú màmá mi. Bàbá mi wọlé bọ́ sí i.

"Ta ló ní kí o ṣí ìwé mi?"

"Dádì, ẹ wá ka ohun tí ẹ kọ."

Wọ́n wò ó. Ojú kò tì wọ́n. "Kí ló burú níbẹ̀? Mo buwọ́ lù ú, mo kọ ìdí rẹ̀. Àtúnṣe tó ní ìdí, tó sì ní ìbuwọ́lùwé, ó bófin mu."

"Ó bófin mu lóòótọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. Mo ní tí kò bá pa ẹnu rẹ̀ dé, màá bá a pa á dé.

Màmá mi ti wọ awò ojú wọn. Wọ́n fi ìka sórí ìlà náà, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. "Ẹ ní wọn kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀n. Méjìlá rèé. Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?"

Bàbá mi sì dáhùn! Ohun tí mi ò lè gbàgbé láéláé nìyẹn. Ẹlòmíràn á wolẹ̀, á ní kí wọ́n foríji òun. Bàbá mi fa àga, wọ́n jókòó, ó hàn pé inú wọn dùn pé ẹnì kan bèèrè.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá kí wọn nílé yín, wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ogún ìṣẹ́jú. Mẹ́ta nìyẹn. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Méjì. Wọ́n sọ lójú gbogbo ẹbí pé ọkùnrin yìí á máa wọn iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ. Mẹ́rin."

"Ẹ sì ń wọ̀n ọ́n, Dádì," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé mò ń wọ̀n ọ́n! Ìyẹn kọ́ ló wà nílẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ láti Róòmù, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n kí ajá, wọn kò kí mi. Mẹ́ta. Ẹ rò ó pọ̀, méjìlá ni. N kò fi ẹyọ kan lé e."

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń kó méjìlá yẹn jọ sínú, tí wọ́n ń jẹun lé e, tí wọ́n ń sùn lé e, tí ẹyọ kan kò sì já bọ́. Màmá mi pa ìwé náà dé. Wọn kò pariwo, wọn kò sunkún. Wọ́n fa fóònù wọn yọ, wọ́n tẹ nọ́ńbà, wọ́n sì gbé e sí àárín tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọjọ́rú ni, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú.

"Kékeré mi!" ni Màmá Róòmù wí. Bí wọ́n ṣe ń pe màmá mi láti kékeré nìyẹn. Ohùn wọn dùn bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi wà níbí, ẹ kí wọn."

"Ọkọ ta ni?"

"Ọkọ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ti lọ́kọ?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. "Ìwọ Kékeré yìí! O ò sì sọ fún mi. Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

Màmá mi gbójú sókè wo bàbá mi, wọ́n wò ó dáadáa. "Mi ò tíì mọ̀," ni wọ́n wí. "À ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́."

Bàbá mi ti súnmọ́ fóònù, ọrùn wọn nà. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni! Èmi òṣìṣẹ́ òṣùwọ̀n! Ẹ rántí mi, ẹ rántí ogún ìṣẹ́jú…" Mi ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n ti ń bínú sí láti ọdún gbọọrọ ti gbé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà sọnù láìmọ̀, bàbá mi sì ń bẹ̀ ẹ́ kó dákun rántí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ àbúrò mi," ni Màmá Róòmù wí. "Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wọlé wá jókòó."

Màmá mi gbé fóònù, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, kì í ṣe pé àwọn máa bọ̀, àwọn ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Bí wọ́n bá ti gbàgbé yín," ni wọ́n sọ fún bàbá mi, "ta ló kù tó ń ka méjìlá yẹn lẹ́yìn yín?"

"Mo lè ṣe àtúnṣe sí àtúnṣe náà," ni bàbá mi wí. "Mo lè yọ méjìlá náà kúrò. Àyè ṣì wà. Kí àwa méjèèjì jọ…"

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ti buwọ́ lù ú." Màmá mi yíjú sí mi. "Wá ìwé ìrìnnà rẹ, ìwọ ni a jọ ń lọ."

Nígbà tí èmi àti màmá mi dé ilé iṣẹ́ ìrìnàjò, obìnrin ibẹ̀ ní bàbá ti wá sọ pé Ìsítáńbù ni. Màmá mi ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́, kò buwọ́ lu nǹkan kan, ilé kò sì wó.

Ọ̀sẹ̀ kejì la gbéra. Ilé alájà púpọ̀ ni Màmá Róòmù ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn, àtẹ̀gùn rẹ̀ há, ó ń rùn fún ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú. Wọ́n wo màmá mi lẹ́ẹ̀kan péré.

"Kékeré, o ti sanra."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì ló fi parí. Fún ọjọ́ mẹ́rin, wọn kò kúrò lórí ibùsùn kan náà. Wọ́n ń to ìtàn jọ, ẹnì kan a gbàgbé ibì kan, ẹnì kejì a fi kún un. Màmá Róòmù kọ́ màmá mi bí wọ́n ṣe ń ká igun aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ká aṣọ kan ṣoṣo bí ìgbà ogún. A kò lọ wo ohunkóhun. Láti inú bọ́ọ̀sì, ọjọ́ tí mo lọ ra oògùn, ni mo ti rí ilé ìjà àtijọ́ náà. Ó ti wó lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Màmá Róòmù jí, wọ́n wo màmá mi, wọ́n sì kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ibùsùn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀dọ̀ ta lẹ wá?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo wá," ni màmá mi wí.

Lọ́jọ́ kẹfà ni bàbá mi pè. Wọ́n bèèrè bóyá a ti dé ibi omi tí kò ní mítà. Wọ́n bèèrè mélòó ni màmá mi máa wá fún Róòmù báyìí, nínú mẹ́wàá. Màmá mi ní àwọn kò tíì jáde nílé. Bàbá mi wá bèèrè ohun tí wọn kò bèèrè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi: "Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi mọ̀ mí. Láti àná, wọn kò mọ̀ mí mọ́."

Bàbá mi kò lè rí nọ́ńbà kí wọ́n má fi ṣe ìṣirò, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń rò ó.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Mo mọ̀. Èmi náà kà á."

"Níbo ni kí n kọ ọ́ sí?"

"Ẹ má kọ ọ́," ni màmá mi wí. "Ẹ kàn ṣáà mọ̀ ọ́n."

Wọ́n na fóònù náà sí mi, wọ́n sì lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn de bọ́tìnnì súwẹ́tà, èyí tó wà lókè, tó máa ń ṣòro. Màmá Róòmù gbé àgbọ̀n sókè fún wọn títí wọ́n fi dè é tán.

"Ẹ ṣé, mà," ni wọ́n wí. "Ìyá tó bí yín kò ní kábàámọ̀ yín."